Katakata kékeré fẹ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olóko Òṣíẹ̀lẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní katakata kékeré kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gé koríko àgbàlá ńlá. Tòkunbọ̀ ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 20. Kò ní jíà tí à ń pààrọ̀, ọ́ìlì ló ń gbé e rìn, èèyàn á kàn fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà síwájú tàbí sẹ́yìn. Ó ti tó ọdún 2 tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ lóko mi lẹ́bàá Òṣíẹ̀lẹ̀, nítòsí Abẹ́òkúta. Ó ń gé koríko, ó ń fa tírélà kékeré, kò yọ mí lẹ́nu rí.

Ẹ̀yìn mi ló ń yọ mí lẹ́nu. Adìyẹ 1,200 ni mo ń sìn, ìgbẹ́ wọn àti ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń tẹ̀, ṣọ́bìrì ni èmi àti ọmọkùnrin kan fi ń kó o. Tá a bá kó ilé kan tán, lọ́jọ́ kejì mo máa ń di ògiri mú kí n tó lè nàró. Mo wá ní kí wẹ́dà bá mi ṣe apá méjì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú katakata yìí, bíi ti páyílódà. Ẹnì kan ti wá wọ̀n ọ́n, ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ kan òun á ti parí ẹ̀. Kí n tó san àsansílẹ̀, mo fẹ́ bi yín: kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe sí katakata fúnra rẹ̀, kó má lọ dá mọ́ mi lọ́wọ́?

Wẹ́dà Láfẹ́nwá

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè kówó tó jáde lápò yín. Iṣẹ́ irin ni mo fi ń jẹun, mo sì ń sọ ọ́ fún yín láìfi bò: apá àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ló rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá lè jó géètì á jó o. Ẹsẹ̀ iwájú katakata ni ọ̀rọ̀ wà.

Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ sókè, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Tó bá ń ṣe jìgìjìgì lọ́wọ́ yín, búúṣì, òrùka tí wíìlì fi ń yí lórí ọ̀pá rẹ̀, ti jẹ nìyẹn. Ẹ yọ táyà náà, kí ẹ wọn ọ̀pá tó ń yí lé lórí, èyí tí àwa ń pè ní sítọ́ọ̀bù. Lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré yìí, ínṣì ¾ péré ni. Àwọn tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ tó le máa ń ní ínṣì 1. Ẹ má wò ó pé díẹ̀ ló fi jura lọ. Tó bá di ká ru ẹrù láìtẹ̀, ti ínṣì 1 ju ti ínṣì ¾ lọ ní ìlọ́po 2 ó lé.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí ni mo ṣe mọ̀. Mo ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì fún oníbàárà kan, irin tó nípọn ni mo fi ṣe é, inú mi dùn sí i. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ dán an wò, yanrìn tútù la bù kún un. Ó gbé e. Ó rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, táyà òsì bọ́ sínú ihò kan tí kò jìn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. N kò gbọ́ ìró kankan. Mo kàn rí i tí orí táyà yẹn rọra ń dà sínú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta, bí ẹsẹ̀ màlúù tó fẹ́ kúnlẹ̀. Nígbà tá a tú u, ọ̀pá náà ti ká bí ìkọ́. Owó ara mi ni mo fi tún un ṣe, torí èmi ni mi ò wo ẹsẹ̀ kí n tó di ẹrù lé e.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ sítọ́ọ̀bù ínṣì 1 tuntun fún yín, kí wọ́n fi béárìn sí wíìlì dípò búúṣì, kí wọ́n sì dá ojú ihò gíríìsì sí i. Ẹ wo igi irin tó gba iwájú kọjá pẹ̀lú, èyí tó so táyà méjèèjì pọ̀. Tó bá jẹ́ irin dídà ni, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jó nǹkan mọ́ ọn, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó ló ti máa là. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi páìpù onígun mẹ́rin tó nípọn ṣe òmíràn.

Mẹkáníìkì Àdìgbẹ̀

Bàbá wẹ́dà ti sọ̀rọ̀ iwájú. Èmi á sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, torí ẹ̀yìn ló máa sọ bóyá ẹ tiẹ̀ máa náwó rárá.

Ẹ wo àárín táyà ẹ̀yìn. Bí rímù bá kàn wọ ọ̀pá bí òrùka ṣe ń wọ ìka, tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ irin kékeré kan àti òrùka pẹlẹbẹ lẹ́nu ọ̀pá ló mú un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀. Koríko nìkan ni wọ́n ṣe irú ìyẹn fún, ẹ̀rọ tó ń wa táyà nínú rẹ̀ á jóná kí ọdún tó yí po. Àmọ́ tí ẹ bá rí bóòtì 5 tó de rímù mọ́ họ́ọ̀bù bíi ti mọ́tò, ìyẹn lè ru nǹkan.

Olóko Òṣíẹ̀lẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wò ó lówùúrọ̀ yìí. Bóòtì 5 ló wà lẹ́yìn, inú mi dùn. Sítọ́ọ̀bù iwájú jẹ́ ínṣì ¾, bí bàbá ṣe wí. Tòsì ti jẹ lábẹ́, mo fi èékánná ha á, mo rí i pé ó ti jìn sínú. Igi irin tó gba iwájú kọjá jẹ́ irin dídà. Áásù dé áásù, ìyẹn láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ oko ni mo ń kọ́ níbí ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀, torí níbi yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ká ní katakata yín jẹ́ kílò 300, kí iwájú ru 130, kí ẹ̀yìn ru 170. Ẹ wá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ohun tó wà nínú rẹ̀, kílò 150 lápapọ̀, ibi tó dúró sí sì fi sẹ̀ǹtímítà 80 jìnnà sí áásù iwájú. Ọ̀pọ̀ ló rò pé kílò 150 yẹn nìkan ló máa bọ́ sórí iwájú. Rárá o. Katakata á di bí pákó gígùn tí ọmọdé méjì ń gùn, tí ọ̀kan ń lọ sókè tí èkejì ń lọ sílẹ̀, áásù iwájú ló wà láàárín. Ẹ fi 80 sọ 150 di púpọ̀, kí ẹ fi 120, ìyẹn áásù dé áásù, pín in: kílò 100 ló máa kúrò lórí táyà ẹ̀yìn, òun náà á sì kọjá síwájú. Iwájú tó ń ru 130 á di 380. Ẹ̀yìn tó ń ru 170 á ku 70.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ti ń wa táyà, ẹ̀yìn ni búréèkì wà. Kílò 70 kò lè di ilẹ̀ mú. Táyà á máa yí lásán, tí ẹ bá sì wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò ní dúró nígbà tí ẹ bá tẹ búréèkì.

Ohun tó ń wo èyí sàn ni ẹrù ẹ̀yìn. Tí ẹ bá so kílò 120 mọ́ ẹ̀yìn, tó fi sẹ̀ǹtímítà 60 yọ kọjá áásù ẹ̀yìn, ọgbọ́n pákó yẹn kan náà á ṣiṣẹ́ fún yín: ẹ̀yìn á jèrè 180, iwájú á dín 60. Ẹ̀yìn á di 250, iwájú á di 320. Ẹ rí i pé iwájú ṣì ń ru ju ìlọ́po 2 ohun tó ń rù tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹrù ẹ̀yìn kò ní kí ẹ má pààrọ̀ sítọ́ọ̀bù. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá Lókèèrè

Mo kí gbogbo ilé láti Kánádà. Mo ní irú rẹ̀ níbí tí mo fi ń kó yìnyín. Níbí, a máa ń rọ omi sínú táyà ẹ̀yìn kó lè wúwo, a sì máa ń po calcium chloride mọ́ ọn. Ẹ wá a, ó dáa gan-an ni.

Fọkanáísà Ọbántokò

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kánádà, ẹ kú ìrójú òtútù o. Ìyọ̀ yẹn, kí omi inú táyà má bàa dì ni ẹ ṣe ń fi sí i. Omi kì í dì l'Ábẹ́òkúta. Tí a bá fi síbí, rímù nìkan ló máa jẹ. Omi lásán tó.

Bá a ṣe ń ṣe é rèé. A ó fi tíúbù sínú táyà kí omi má kan irin. A ó gbé e sókè, a ó yí i kí ẹnu fáàfù wà lókè pátápátá, a ó tú ọmọ inú fáàfù, a ó máa rọ omi sí i, a ó máa jẹ́ kí atẹ́gùn jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí omi bá ti ń yọ lẹ́nu fáàfù, ó ti gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nìyẹn, ẹ má kún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi atẹ́gùn lé e. Lítà kan omi, kílò kan ni. Ẹ ka iye lítà tó wọlé, ẹ ti mọ ohun tí táyà fi wúwo sí i.

Ti iwájú ńkọ́? Táyà pẹlẹbẹ tó bá a wá rọ̀ jù, ara rẹ̀ á wó sílẹ̀ tí ẹrù bá dé orí rẹ̀. Ẹ lọ gba táyà kẹ̀kẹ́ Márúwá, 4.00-8, èyí tí wọ́n kọ 6PR sí lára, àmì pé ó lè ru ẹrù. Rímù kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ lò pẹ̀lú rẹ̀, torí ti katakata yín fẹ̀ jù fún un, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ínṣì 8 ni àwọn méjèèjì. Kò sí àdúgbò nílùú yìí tí ẹ ò ti ní rí i rà.

Mẹkáníìkì Àdìgbẹ̀

Mo gbà pẹ̀lú fọkanáísà lórí omi. Lórí táyà kẹ̀kẹ́, mo gbà á dé ààbọ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, á jẹ́ kí sítíàrìn rọ̀ lọ́wọ́, ìyẹn dáa, torí pé tí iwájú bá ti wúwo, yíyí rẹ̀ á di ìjà. Àmọ́ lásìkò òjò, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ á máa gé ilẹ̀ bí ọ̀bẹ. Tí ilẹ̀ oko yín bá jẹ́ òkúta àti taara bíi ti ọ̀pọ̀ ibi lágbègbè wa, kò burú. Tó bá jẹ́ àbàtà, ẹ má ṣe é.

Olóko Òṣíẹ̀lẹ̀

Taara ni, òkúta wà níbẹ̀ bí ẹni ń ta á. Ibi kan ṣoṣo ló ń rọ̀ tójò bá rọ̀, mo lè máa yà fún un.

Ìyá Ẹlẹ́dìyẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo sì fẹ́ sọ tèmi tọkàntọkàn. Ó ti lé lọ́dún 10 tí mo ti ń sìn adìyẹ nítòsí Ọ̀dẹ̀dá. Kò sẹ́ni tó tíì béèrè lọ́wọ́ bàbá yìí bóyá katakata rẹ̀ máa gba ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ kọjá.

Báwo ni ẹnu ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó? Òpó mélòó ló wà láàárín ilé? Páànù òrùlé ga tó ibo létí ògiri? Tí ẹ bá gbé apá yẹn sókè nínú ilé, ṣé kò ní gún páànù lu? Mo mọ ẹnì kan tó ra ẹ̀rọ tó dára, tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló dúró sí títí òní, tí àwọn ọmọ ṣì ń fi bárò kó ìgbẹ́ jáde wá bá a.

Èmi kò fi bọ́kẹ́ẹ̀tì kó tèmi. Mo ní kí wọ́n ṣe àpótí irin sẹ́yìn katakata kékeré mi, ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀, ó sì lè dà. A ó fi ọkọ́ fa ìgbẹ́ wọ inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbé ṣọ́bìrì ju orúnkún lọ. Ẹrù ń bọ́ sórí táyà ńlá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ṣe é fún un. N kò yí ohunkóhun padà níwájú. Owó tí ẹ fẹ́ ná sórí pọ́ọ̀ǹpù àti họ́ọ̀sì, ó lè ra oúnjẹ adìyẹ tó pọ̀.

Wẹ́dà Láfẹ́nwá

Ìyá, ẹ ṣeun. Òdodo ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Olóko wa, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó fèsì.

Olóko Òṣíẹ̀lẹ̀

Ìyá mi, ẹ ṣeun púpọ̀, ọ̀rọ̀ yín ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ àná. Mo mú téépù lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹnu ọ̀nà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 140, katakata jẹ́ 110, ó wọlé. Òpó kò sí láàárín nínú ilé 2, ó wà nínú ẹ̀kẹta, ìyẹn á ṣì jẹ́ ti ṣọ́bìrì. Páànù létí ògiri ga ní sẹ̀ǹtímítà 210.

Mo ro ọ̀rọ̀ àpótí ẹ̀yìn. Ó dára fún ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n mo tún máa ń ko taara àti òkúta wẹ́wẹ́ sójú ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, àpótí kò lè bù wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo ṣì fi ń wo bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí Ìyá béèrè yìí ti tún gbogbo ètò yín ṣe. Báwo ni ẹ̀gbẹ́ tírélà yín ṣe ga sí?

Olóko Òṣíẹ̀lẹ̀

Sẹ̀ǹtímítà 90.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà

Ẹ ò nílò kí apá gbé e ga ju 130 lọ nígbà náà. Wẹ́dà tó wá wọ̀n ọ́n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé 200 ló ní lọ́kàn, bíi ti páyílódà gidi. Apá kúkúrú máa jẹ́ kí bọ́kẹ́ẹ̀tì sún mọ́ áásù iwájú. Tí 80 yẹn bá di 60, pẹ̀lú kílò 150 kan náà, 75 ló máa kúrò lẹ́yìn dípò 100. Òrùlé yín náà á wà láìléwu. Ẹ dín bọ́kẹ́ẹ̀tì kù sí lítà 50 tàbí 60. Lítà 100 yanrìn tútù lè súnmọ́ kílò 200, ìgbẹ́ tó gbẹ fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá tóbi, lọ́jọ́ kan ẹnì kan á bu taara kún un.

Mẹkáníìkì Àdìgbẹ̀

Wàyí o, ọ̀rọ̀ háídírólíìkì, ìyẹn ọ́ìlì tó máa ti apá gòkè. Ẹ má lọ ra pọ́ọ̀ǹpù ńlá. Pọ́ọ̀ǹpù páwà sítíàrìn mọ́tò, Tòkunbọ̀, tó ṣì dáa, ó tó fún iṣẹ́ yìí. Bẹ́líìtì tó ń wa abẹ́ gígé koríko ni kí ẹ fi wà á, kò sígbà tí ẹ máa nílò méjèèjì pọ̀. Sílíńdà méjì tí ihò inú wọn jẹ́ mílímítà 40: tí ọ́ìlì bá tì í pẹ̀lú agbára báà 80, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ti tó kílò 1,000. Méjì á jẹ́ 2,000. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lè jìnnà sí ìdí apá ní ìlọ́po 6 ibi tí sílíńdà ti ń tì í, 2,000 yẹn á wá di bíi 330 lẹ́nu bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ti ju ohun tí ẹsẹ̀ iwájú yín lè rù. Kò yára o. Sílíńdà méjì tó ń yọ sẹ̀ǹtímítà 40 ń mu bíi lítà 1 ọ́ìlì, tí pọ́ọ̀ǹpù bá ń tú lítà 6 jáde ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó dókè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa ni fáàfù tó ń tú agbára ọ́ìlì sílẹ̀ tó bá ti pọ̀ jù. Òun ni ẹ̀ṣọ́ ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tì í pa kó lè "gbé dáadáa". Ẹ gbé àpò sìmẹ́ǹtì 2 sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kílò 100, kó gòkè. Ẹ fi ẹ̀kẹta kún un, ẹ tú fáàfù náà díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní lè gbé e kúrò nílẹ̀ mọ́, kí ẹ sì rí i pé 2 ṣì ń gòkè. Ẹ fi nọ́ọ̀tì dè é síbẹ̀ kó má yí mọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá bu òkúta jù, ẹ̀rọ ló máa kọ̀ fún un.

Họ́ọ̀sì oníwáyà méjì ni kí ẹ rà, kí ẹ ní kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ họ́ọ̀sì tẹ ẹnu rẹ̀, ẹ má fi kílíìpù omi dì í. Tí ẹ ò bá rí sílíńdà níbí, Ọwọ́de Onírin l'Ékòó ni kí ẹ forí lé. Ẹ fa ọ̀pá inú rẹ̀ síta tán kí ẹ tó sanwó. Tó bá ti ní ojú ibi tí nǹkan ti ha á tàbí ojú ìpẹta, síìlì tuntun, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mú, kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò fi ṣeré. Bí họ́ọ̀sì bá ń jò, ẹ má fọwọ́ wá ibi tó ti ń jò láéláé. Ọ́ìlì tó ń gba ihò abẹ́rẹ́ jáde lè gún awọ wọlé, ojú ibẹ̀ á dà bí ibi tí ẹ̀gún ti gún èèyàn, kò sì ní dunni púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ kíákíá ló ń yọ ìka tàbí ọwọ́ nínú ewu. Páálí ni kí ẹ fi wá a, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun. Tó bá gún ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC Ìdí-Abà, lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì háídírólíìkì ni.

Wẹ́dà Láfẹ́nwá

Mẹkáníìkì, Ọlọ́run á bù kún ọ. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ férémù kún un. Irin pẹlẹbẹ tó jẹ́ ara katakata yẹn kò nípọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó òpó apá mọ́ ọn lára lásán. Irin ṣánẹ́ẹ̀lì ni kí ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti iwájú pátápátá dé ìdí áásù ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí òpó apá dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá gún òkìtì taara, ẹ̀yìn á gba ìtì náà, férémù kò ní ká. Bóòtì ni kí ẹ fi dè é, kí ẹ lè tú u lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gé koríko. Ẹ wo orí bóòtì: tí wọn ò bá kọ 8.8, àmì bóòtì tó le, síbẹ̀, ẹ dá a padà.

Ọmọkùnrin tó fẹ́ ṣiṣẹ́ náà fún yín, ẹ má bínú sí i. Ẹ kàn ní kó wá ka ohun tá a kọ síbí.

Ìyá Ẹlẹ́dìyẹ

Mo ti rí i pé ẹ máa ṣe é, mo sì ti ń bá yín gbàdúrà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni tèmi kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbé ẹrù rìn. Tí ẹ bá ń gòkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ kọjú sí òkè. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn rìn. Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ gba ara òkè kọjá pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lókè. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ rìn lábẹ́ apá náà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé adìyẹ ló ń lé.

Olóko Òṣíẹ̀lẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ 2 ló gbà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Sítọ́ọ̀bù ínṣì 1 ti wọlé, béárìn wà nínú wíìlì, táyà kẹ̀kẹ́ ló wà níwájú, igi irin tuntun ló gba iwájú kọjá. Ẹ̀yìn gba omi, táyà kọ̀ọ̀kan mu kẹ́ẹ̀gì 25 kan àti díẹ̀ lórí rẹ̀. Fún ẹrù ẹ̀yìn, mo gé orí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì, mo po kọnkéré sí i, mo ti irin rọ́ọ̀dù tí mo ká bí ìkọ́ bọ àárín kó tó gbẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó kílò 60, èmi àti ọmọkùnrin yẹn la jọ ń gbé e kọ́. Tí mo bá fẹ́ gé koríko, a ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé la dán an wò. Mo kọ́kọ́ ṣe é láìkọ́ kẹ́ẹ̀gì, torí mo fẹ́ rí ohun tí ọmọ Alábàtà ṣírò. Àpò sìmẹ́ǹtì 2 gòkè, mo tẹ pẹ́dà, táyà ẹ̀yìn kan ń họ ilẹ̀ bí adìyẹ. Mo pa á, a kọ́ kẹ́ẹ̀gì méjèèjì, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó sì gbéra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àpò kẹta kò gòkè, fáàfù ń kùn, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lánàá, a kó ilé kan tán láàárín wákàtí 2. Láàárọ̀ yìí mo dìde láìdi ògiri mú.

Ohun méjì kù. Sítíàrìn ṣì wúwo tí ẹrù bá wà níwájú tí mo sì dúró sójú kan. Họ́ọ̀sì apá ọ̀tún náà ń ha òpó nígbà tí apá bá lọ sílẹ̀, awọ rẹ̀ ti ń dán.

Mẹkáníìkì Àdìgbẹ̀

Inú mi dùn dé ìdí. Ẹ má yí sítíàrìn lójú kan, ẹ jẹ́ kí táyà máa yí díẹ̀ kí ẹ tó yí i. Ẹ tún wo jíà sítíàrìn lóṣooṣù, ẹ fi gíríìsì sí i, eyín rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ. Ẹ máa gbá eruku kúrò lára ìyẹ́ irin àti fáànù orí ẹ̀rọ tó ń wa táyà ẹ̀yìn, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ooru ló ń pa á.

Wẹ́dà Láfẹ́nwá

Họ́ọ̀sì yẹn, ẹ má lò ó mọ́ títí di Sátidé. Mo ń bọ̀ sápá Òṣíẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ náà, màá mú ìdè irin àti awọ táyà bọ̀, a ó yà á kúrò lára òpó. Ẹ dákun, ẹ bá mi fi ẹyin kíréètì kan sílẹ̀, màá sanwó rẹ̀.